Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì láptọ́ọ̀pù kọ iṣẹ́: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní n'Íbàdàn. Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, ìwé ètò ìsìnkú ni mo ń tẹ̀, àìsùn ku ọ̀la. Mo ti dé ibi orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ (ibẹ̀ kọ́ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá fo ẹnì kan?) ni ọfà ojú kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi. Mo tẹ Enter, kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ aago tó wà nígun ìsàlẹ̀ ń lọ ní tiẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò gan.

Àkọ́bí olóòkú jókòó tì mí. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà." Irọ́ ni.

Mo pa á, mo yọ ṣájà, mo di bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí iná tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ lè gbẹ. Ó ti gbà mí rí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbọ́.

Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan nítòsí. Ó wò ó fìrí, ó ní kíbọ́ọ̀dù ti jóná, ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé ṣé touchpad (ibi pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka rá dípò máòsì) náà jóná ní ìṣẹ́jú kan náà ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Mo gbé ẹrù mi.

Àbúrò mi ló là mí lójú lórí fóònù. Ó ní kí n yá kíbọ́ọ̀dù USB, kí n tẹ F2 léraléra bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tàn (F10 tàbí Delete ni lórí òmíràn) kí n fi wọ BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé), kí n wá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀ níbẹ̀. Windows kò tíì dé ibẹ̀ rárá. Bí kíbọ́ọ̀dù bá dáhùn níbẹ̀, Windows ló lẹ́jọ́. Bí kò bá dáhùn, ara ẹ̀rọ ni kí á wò. Tèmi kò dáhùn.

Ibi tí mo ti ń gbé e kalẹ̀ ni mo rí i pé ó ń mì lórí tábìlì, bí àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo fi àtàǹpàkò ra touchpad: àárín rẹ̀ ti yọ gegele.

"Àǹtí mi, ẹ yọ ṣájà! Ẹ má tẹ ibẹ̀ mọ́!"

Nígbà tó dé tó tú u, bátìrì ti wú bí mọ́ínmọ́ín inú ike. Ó ti ti touchpad sókè, ó sì ti ti wáyà pẹlẹbẹ kíbọ́ọ̀dù kúrò lójú ihò rẹ̀. Ṣájà kì í kúrò lára ẹ̀, tọ̀sán-tòru, nínú ooru ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó yọ bátìrì náà jẹ́jẹ́, torí bí nǹkan bá gún un, ó lè gbiná. Ó ti wáyà padà, a fi ṣájà nìkan tàn án, iṣẹ́ parí ní aago 11. Ọmọ-ọmọ kan ṣì sọnù nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n àwọn ni kò kọ ọ́ fún mi.

*

Àǹtí, ẹ kú orí ire. Tèmi, ọmọ ọdún mẹ́ta ló fà á. Mo lọ ro àmàlà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ lé Shift apá ọ̀tún. Bí èèyàn bá di ìyẹn mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, Windows á béèrè bóyá kí òun tan Filter Keys. Ọmọ yẹn sì tẹ Enter. Látìgbà náà, bí mo bá tẹ lẹ́tà wàrà, kò jáde, àfi kí n dì í mú pẹ́. Ó tún ti tẹ Fn pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì tó ní àwòrán touchpad, ìyẹn náà sùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi banú jẹ́ kí n tó di Shift yẹn mú padà.

*

Tèmi kú síbi tí wọ́n ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n máòsì yè. Lórí Windows 11, àwòrán èèyàn kékeré kan wà nígun ọ̀tún nísàlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo mú On-Screen Keyboard (kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà), mo ń ṣa lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Mo yọ kíbọ́ọ̀dù kúrò nínú Device Manager (ibi tí Windows to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí), mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, Windows fúnra rẹ̀ dá a padà. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ báyìí àfi G, G ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọkọ mi.