Ọmọ mi tó wà ní SS2 ò yéé kọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ibo ló lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí?

Ìyá SS2:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ilé-ìwé ìjọba ló ń lọ níbí n'Íbàdàn, kò sì sóhun tó wù ú tó kó máa kọ ìtàn àti ewì lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn nóòtù Báọ́lọ́jì ẹ̀ ti kún fọ́fọ́, tí NEPA bá múná lọ á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù á tún máa kọ ọ́ lọ. Tíṣà wọn ń gbìyànjú o, àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, ta ló fẹ́ ráyè jókòó ka ìtàn ọmọ kan tán? Èmi náà ò lè tọ́ ọ sọ́nà torí Gẹ̀ẹ́sì mi ò jìn débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ibo ló ti lè rí ìwé kà lọ́fẹ̀ẹ́ tí ò ní jẹ dátà púpọ̀, ṣé ìdíje tó ṣe é fọkàn tán sì wà tí ọmọ ọdún 15 lè wọ̀? Ẹnì kan fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ní ká san ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù. WAEC náà ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò fẹ́ kí èyí dí ìyẹn lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí WAEC, kò ní dí i lọ́wọ́ rárá, òun gan-an ló máa gbè é níbẹ̀. Ẹ wò ó, Paper 2 ti Gẹ̀ẹ́sì, máàkì 100 ni, àròkọ nìkan kó 50 nínú ẹ̀, kọ́ńpríhẹ́ńṣọ̀n 20, sọ́márì 30. Àròkọ yẹn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀. Máàkì 10 wà fún ohun tó kọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 tó kù fún sípẹ́lì, gírámà, kọ́mà àti fúlísítọ́ọ̀pù. Ibi ìlò èdè yẹn ló gbé máàkì tó pọ̀ jù, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ ti ń ṣubú torí wọn kì í kọ nǹkan kan àfi tí tíṣà bá ní kí wọ́n kọ ọ́. Ọmọ tó ń dá kọ̀wé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́ ti wà níwájú wọn.

Ohun témi àtàwọn ọmọ máa ń fà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìtàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ látorí òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn tí àwọn ẹyẹ ń kọrin. Ọmọ kan kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n ṣe jí fóònù ẹ̀ nínú mọ́tò ló fẹ́ sọ! Mo bi í pé kí ló kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, ó ní kọ́ńdọ́ ló ń pariwo Dùgbẹ̀, Dùgbẹ̀, ẹ mú ṣénjì yín dání o, ọkùnrin tó jókòó tì í sì ń figbọ̀nwọ́ gún un pé kó sún. Mo ní ó dáa, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe sọ ọ́ fún mi yẹn. Bó ṣe kọ ọ́ báyìí, ká tó ka ìlà kẹta a ti ń fura sí ọkùnrin onígbọ̀nwọ́ yẹn. Ohun tí ọmọ yín náà máa máa wá nìyẹn mà, ohun tó fojú ẹ̀ rí, tó fetí ẹ̀ gbọ́.

Tó bá ti kọ ọ́ tán, kó kà á sókè sí yín létí, ìyẹn ò gba pé kẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó jìn, ibi tó bá ti ń kọsẹ̀ bó ṣe ń kà á, ibẹ̀ ló máa padà lọ tún kọ. Tílé-ìwé wọn bá sì ní Press Club, kó wọ̀ ọ́, àwọn tó máa ń ka ìròyìn ní asẹ́ńbìlì yẹn. Ìròyìn kíkọ máa ń jẹ́ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má san ₦5,000 yẹn o. Mo mọ irú ẹ̀ dáadáa, gbogbo ẹni tó bá ti sanwó ni wọ́n máa kí kú oríire, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tẹ iṣẹ́ ọmọ yín sínú ìwé, ó wá ku kẹ́ ẹ ra ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ìdíje ńláńlá tó wà fún ọjọ́ orí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú ni Queen's Commonwealth Essay Competition, Royal Commonwealth Society ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe é, láti 1883 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀, ọmọ Nàìjíríà sì lè wọ̀ ọ́ torí a wà nínú Commonwealth. Ọmọ ọdún 14 sí 18 ló wà ní ti àwọn àgbà, ohun tí wọ́n bá kọ ò gbọdọ̀ ju 1,500 ọ̀rọ̀ lọ, àwọn tí ò tíì pé 14 ní tiwọn lọ́tọ̀, 750. Ẹ má jẹ́ kí essay tó wà nínú orúkọ ẹ̀ dẹ́rù bà á o, wọ́n ń gba ewì, wọ́n ń gba ìtàn, wọ́n ń gba lẹ́tà, eré oníṣe pàápàá wọ́n ń gbà á, ṣá ti jẹ́ kó bá àkòrí tí wọ́n mú lọ́dún yẹn mu. Yàtọ̀ sẹ́ni tó gbégbá orókè, wọ́n tún máa ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Gold, Silver àti Bronze, wọ́n á sì fún wọn ní sátífíkéètì.

Òmíì tún wà, ìdíje àròkọ ti Goi Peace Foundation ní Japan, 700 ọ̀rọ̀ péré, àtọmọ ọdún 15 dé 25 ló wà ní ìsọ̀rí kan, ìyẹn ni pé àwọn tó wà ní yunifásítì ló máa bá díje, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀. Apá kan nínú ìwé ìròyìn The New York Times ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Learning Network náà ń ṣe ìdíje fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ Nàìjíríà lè wọ ìyẹn náà.

Ní ti ìwé kíkà, sáìtì Project Gutenberg ni, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tó wà níbẹ̀ lé ní 70,000, tẹ́ ẹ bá mú èyí tí wọ́n kọ plain text sí lára, èyí tó pọ̀ nínú wọn ò tó 1MB, á wà lórí fóònù, á máa kà á láìsí dátà. Kìkì pé ìwé àtijọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn máa ń gùn. Kó fi sáìtì Brittle Paper sí i, ìtàn àti ewì àwa ọmọ Áfíríkà ló ń gbé jáde láti 2010, àgbà ló ń kọ síbẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan bá a ṣà á. Tí gírámà bá ń dà á láàmú, kó lọ sí Purdue OWL, sáìtì ìkọ̀wé ti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, kò sówó níbẹ̀, àlàyé wọn yéni.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ kú àtìlẹyìn ọmọ o, inú mi dùn sí ohun tẹ́ ẹ kọ yìí gan-an ni. Nígbà tó jẹ́ pé ó ń kọ ewì, Foyle Young Poets of the Year ni kẹ́ ẹ wò. Poetry Society níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín, àmọ́ kì í ṣe ti àwọn ọmọ ìlú òyìnbó nìkan o, ibi yòówù kọ́mọ wà láyé, tó bá ti wà láàárín ọdún 11 sí 17, ó lè fi ránṣẹ́. Kò sówó, kò sí àkòrí tí wọ́n máa fún un, iye ewì tó bá wù ú ló lè fi sílẹ̀. Ọmọ 100 ni wọ́n sábà máa ń yàn lọ́dún, 15 lókè, 85 tí wọ́n yìn.

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú, ọ̀rọ̀ AI yìí. Ẹ bá a sọ ọ́ gidigidi, kó má ṣe jẹ́ kí ChatGPT bá òun kọ ọ́ tàbí kó bá òun tún un kọ, ìdíje wọ̀nyí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ká tiẹ̀ pa ìyẹn tì, ọmọ tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yìí tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ni kí wọ́n kà, kódà tó bá ṣì ń kọsẹ̀.

Ìyá SS2:
Hẹn ẹn, ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Olúwa á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ti sọ fún ẹni yẹn pé mi ò san nǹkan kan. Mo ka ti kọ́ńdọ́ yẹn sí i létí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ní ẹyẹ nínú ìtàn mẹ́ta. Ó ku ìbéèrè kan, ṣé dandan ni kí ilé-ìwé bá a fi ránṣẹ́? Ojú ń tì í láti lọ bá tíṣà wọn.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì:
Kì í ṣe dandan mà. Ti Commonwealth àti Foyle, òun fúnra ẹ̀ lè fi sílẹ̀ lórí sáìtì wọn, ẹ ṣáà bá a ṣí í-meèlì kan tẹ́ ẹ̀yin náà á máa yẹ̀ wò. Ti Commonwealth sábà máa ń parí ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, Goi 15 oṣù Kẹfà, Foyle 31 oṣù Keje, ẹ padà yẹ déètì wò lórí sáìtì wọn torí wọ́n lè yí i. Ti Foyle ni kó kọ́kọ́ ṣe, ewì ti wà nílẹ̀ lẹ́yìn nóòtù Báọ́lọ́jì, kó yan èyí tó kà sókè tí ò kọsẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀ yìí.