Ilẹ̀ àjọlò ni mo fara mọ́, kì í ṣe ilẹ̀ àjọni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n wa tú sí Yorùbá fún àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ máa nasẹ̀ ní Abbey Wood, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìrìn náà ò le, bí ẹ bá yọ òkè kan kúrò. Láti ibùdókọ̀ rélùwéè, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ àwókù Lesnes Abbey, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí Richard de Luci dá sílẹ̀ ní 1178. Wọ́n á wọ inú igi, wọ́n á já sí Bostall Heath, wọ́n á wá gba apá ibòmíràn padà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n ní ká bá àwọn yẹ̀ wò: "ìrìn àyíká" (fún circular walk, ìrìn tó yí po padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀), "igbó kìjikìji" (fún woodland) àti "ilẹ̀ gbogbogbò" (fún common, ilẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀tọ́ láti lò).

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó yá. "Ìrìn àyíká" ò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ àyíká lónìí, ìmọ́tótó ló máa rò. Ìyá mi á ti mú ọwọ̀ jáde, á máa bèèrè bóyá wolé-wolé ń bọ̀. Ẹnìkan dábàá "ìrìn àlọbọ̀", àmọ́ ẹni tó lọ tó bọ̀ lè gba ojú ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ adùn irú ìrìn yìí ni pé ẹsẹ̀ ò ní tún tẹ ibi tó ti tẹ̀. "Ìrìn àyípo" sàn jù. Mo mọ̀ pé àwọn alhájì inú wa á ní nǹkan gbọ́dọ̀ wà láàárín kí a tó yí i po, bí wọ́n ṣe ń yí Káábà po. Òótọ́ ni. Nínú ti Abbey Wood, igbó ló wà láàárín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti igbó yẹn, "kìjikìji" ti pọ̀ jù, ó lè lé àwọn màmá padà sílé. "Ẹgàn" tí ẹlòmíràn mú wá tún burú jù ú lọ, torí igbó tí àdá ò tíì kàn là ń pè ní ẹgàn. Igbó yìí, ọwọ́ èèyàn ti bà á tipẹ́: wọ́n á gé igi sweet chestnut dé kùkùté, ọ̀mùnú á yọ láti ìdí rẹ̀, wọ́n á tún padà wá gé e, bí a ṣe ń ṣe tíìkì nílé. Ní oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, kí ewé tó bo orí igi tán, òdòdó bluebell á tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹní. "Igbó" lásán ti tó o. Kí ẹ pe heath (pápá tí igi ò pọ̀ níbẹ̀) ní "ọ̀dàn", àwọn ará Òkè-Ògùn á gbè mí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lọ wá ọdán tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an ni common. "Ilẹ̀ gbogbogbò" ń sọ bíi pé kò sí ẹni tó ni ín. "Ilẹ̀ àjọni" tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbè ń sọ pé gbogbo wa la jọ ni ín, bí ilẹ̀ ẹbí, tí a ò lè tà láìpe ìpàdé. Kò sí èyí tó bá òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu nínú méjèèjì. Common ní onílẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di common ni pé àwọn tí kì í ṣe onílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ tí onílẹ̀ ò lè gbà lọ́wọ́ wọn: kí ẹran wọn jẹko níbẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná, kí wọ́n da ẹlẹ́dẹ̀ lọ jẹ èso igi tó jábọ́.

Bostall Heath fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Queen's College, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Oxford, ló ni àṣẹ ilẹ̀ Plumstead, tí Bostall Heath wà lábẹ́ rẹ̀, láyé ìjọ́un. Ní àwọn ọdún 1860 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọgbà yí àwọn common ibẹ̀ ká. Àwọn ará àdúgbò pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre ní 1871. Adájọ́ ò sọ pé ilẹ̀ ti di ti ará àdúgbò o. Ohun tó sọ ni pé onílẹ̀ ò lè fi ọgbà dí ẹ̀tọ́ wọn. (Ní 1876, ní Plumstead Common nítòsí ibẹ̀, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ dúró de adájọ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó ọgbà. John de Morgan tó ṣáájú wọn ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀.)

A mọ irú ẹ̀ nílé. Lábúlé tí mo dàgbà sí, ẹnikẹ́ni lè ṣa igi gbígbẹ nínú oko tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, wọn ò ní bi í pé kí ló ń wá. Kó kọ ẹyìn níbẹ̀ ná, olè ni wọ́n á pè é. Ó ń lò ó, kò ni ín. Ìdí tí mo fi ní "àjọlò" nìyẹn. "Ilẹ̀ ìjẹko" ìbá sún mọ́ ọn, àmọ́ bí nǹkan ṣe rí lónìí, ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Ẹni tó sọ pé "àjọlò" ń rán òun létí balùwẹ̀ ilé ayálégbé ti gbè mí lẹ́yìn láìmọ̀. Gbogbo ayálégbé ló ń wẹ̀ níbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ló ni ín, kò sì gbọ́dọ̀ tì í pa.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tún un ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ tún fi kún un pé ẹrẹ̀ máa ń pọ̀ nínú igbó yẹn lẹ́yìn òjò, kí wọ́n má wọ sálúbàtà wá.