“Ìsẹ̀rì” kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí àbúrò yín, àmọ́ nínú àríyànjiyàn wa lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ dew point, ìyẹn ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ máa tutù dé kí ìrì tó sẹ̀, “ìsẹ̀rì” tẹ́ ẹ tú u sí yẹn ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Tá a bá ní ìmutí, ẹnì kan ló mu ọtí. Ìdáná, ẹnì kan ló dá iná. Ìsẹ̀rì ńkọ́, ta ló sẹ ìrì? Ìrì fúnra ẹ̀ ló ń sẹ̀, òun ni olùwà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe é, ẹ wá sọ ọ́ di àbọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ṣe! Oòrùn là, ìlà oòrùn. Oòrùn wọ̀, ìwọ̀ oòrùn. Ìrì sẹ̀, ìsẹ̀ ìrì, ó tán. Ẹ má sì lọ fi àmì sábẹ́ “s” yẹn o, ṣẹ̀ lọ̀tọ̀, sẹ̀ lọ̀tọ̀.

Ẹni tó fèsì tẹ̀ lé yín tó ní ká pè é ní “ojúàmì ìrì”, ìyẹn tún burú jù, torí dew point kì í ṣe ibì kan. Ìwọ̀n ìgbóná ni. Ẹ ra mínírà tútù ní Lágere nÍfẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ gbé e ka tábìlì, kẹ́ ẹ tó rí ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣí i, omi ti ń ṣàn lára ìgò. Ṣé òjò ló rọ̀ sí i ni? Inú afẹ́fẹ́ lomi yẹn wà tẹ́lẹ̀ tójú ò rí i. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó dígírì Celsius 30, kúbíìkì mítà kan ẹ̀ lè gba omi bíi gíráàmù 30, tó bá tutù dé 20, kò lè gbà ju bíi 17 lọ, ìyókù á di ẹ̀kán omi. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá tutù dé tómi inú ẹ̀ kún un dẹ́nu, ìwọ̀n ìsẹ̀ ìrì nìyẹn. Kò sì dúró sójú kan bí omi híhó o. Nígbà ọyẹ́, òtútù àárọ̀ á máa mú wa gbọ̀n, síbẹ̀ ìrì lè má tó nǹkan, torí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ó ní láti tutù gan-an kó tó lè sẹ̀.

Ẹ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ ti fi kọ́ni ní Yorùbá, mo kí yín. Ìyá mi àgbà nÍléṣà ò mọ̀wé rárá, àmọ́ tá a bá sá kòkó, tílẹ̀ ṣú, tójú ọ̀run mọ́ kedere, tí atẹ́gùn ò fẹ́, á ní ká tètè kó o, ìrì máa pọ̀. Tójú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀, òjò ló ń bẹ̀rù, kì í dárúkọ ìrì. Ó rí i pé koríko àti páànù a máa tutù ju afẹ́fẹ́ lọ tí ìkùukùu ò bá bo òkè, kò kàn ní gírámà tó máa fi ṣàlàyé ẹ̀ ni. Ìrì ò já bọ́ láti òkè, ẹ̀gbọ́n, ara koríko níbẹ̀ ló ti ń di omi, ẹ yọ “ìrì tó ń bọ́ láti òfuurufú” yẹn kúrò nínú àlàyé yín.

Ẹni tó ní ká lo ẹnìní, ẹnìní tiwa ni èyí tó ń rin ẹsẹ̀ lọ́nà oko láàárọ̀, ìgò mínírà ò lẹ́nìní.

Mo mọ̀ pé wọ́n á dá a padà fún mi pé ìgò ò nírì náà, pé ó làágùn ni gbogbo èèyàn ń sọ. Kò kúkú sí omi kankan tó tinú ìgò jáde. Ìwọ̀n kan náà ló wà fún ìgò àti koríko, orúkọ tó máa bá méjèèjì mu ló ń dà mí láàmú látàná.