Olùkọ́ ìṣirò ń fìyà jẹ ọmọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fọlákẹ́ (Kétu): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Iná lọ, ọmọ mi fi tọ́ọ̀ṣì kàwé mọ́jú, olùkọ́ wá fún un ní 7 nínú 20. Olùkọ́ yìí kan náà ni mo kí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, tí kò dá mi lóhùn. Àbúrò mi tó ń kọ́ ọmọ nílé ní ohun tó kọ tọ̀nà. BEPC, ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ìwé girama, sì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé?

Bàbá Ìbejì (Àjàṣẹ́): Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Kí ni ìbéèrè náà gan-an?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́): Ẹ gbé e lọ! Èmi dákẹ́ nígbà tèmi, ọmọ mi tún kíláàsì ṣe.

Bàbá Ìbejì: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́ ọmọ ná.

Ìyá Fọlákẹ́: Ẹ ń bi mí bí ẹni tó jalè. Ó dáa. “Factorise” (ìyẹn ni pé kó fa ohun tó wọ́pọ̀ jáde síwájú àkámọ́) ni wọ́n kọ síbẹ̀: 12x²y + 18xy + 6x. Ó kọ 6x(2xy + 3y). Kí ló burú níbẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà (Ṣábẹ̀ẹ́): Ọmọ yẹn gbìyànjú, 6x tó fà jáde tọ̀nà. 6 ni PGCD, ìyẹn nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín gbogbo wọn láìṣẹ́kù, fún 12, 18 àti 6. Ẹyọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta (12x²y, 18xy àti 6x) ló ní x, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn kò ní y, ìdí nìyẹn tí y kò fi ṣeé fà jáde. Inú àkámọ́ ló ti ṣìnà. Ẹ pín 6x sí ọ̀nà 6x, 1 ló máa jẹ́. 6x(2xy + 3y + 1) ló yẹ kó kọ.

Ìyá Fọlákẹ́: Àbúrò mi ní tí a bá ti mú 6x kúrò, kò kù nǹkan kan. Yunifásítì Kàlàfí ló sì ti kàwé!

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹni tó ka ìwé ní Kàlàfí kúkú mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ Àgbà: Ẹ fi nọ́ńbà dán an wò, ìyá mi. Kí x jẹ́ 1, kí y náà jẹ́ 1. Ti ìbéèrè jẹ́ 36, ti ọmọ jẹ́ 30. 6 ti sọnù.

Ìyá Fọlákẹ́: Olùkọ́ ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n dá ìwé padà lọ́jọ́ Ajé, òun á fi kún 7 yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti gba ìwé náà pamọ́, ẹ̀rí ni.

Bàbá Ìbejì: Háà! Ẹ ò sì sọ èyí látàárọ̀! Ẹ fún ọmọ ní ìwé rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́.

Olùkọ́ Àgbà: Kó yẹ àwọn ìbéèrè yòókù wò pẹ̀lú. Níbi tí ohun tó fà jáde bá ti jẹ́ odindi ẹyọ kan, kó wá 1 rẹ̀ nínú àkámọ́.

Ìyá Fọlákẹ́: Mo ti fún un, ó ti jókòó tì í. Àmọ́ ti kíkí yẹn ṣì ń dùn mí o.