Kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún ìbímọ: èwo ni kí àwa tí a ń retí àkọ́bí yàn?

ÌyáLọ́la kọ:

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tó ti bímọ ṣáájú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oyún mi, tí í ṣe àkọ́kọ́, pé ọ̀sẹ̀ 22 lọ́sẹ̀ yìí, ara mi sì le. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ̀ mí wò gba èmi àti ọkọ mi nímọ̀ràn pé kí a wá kíláàsì kan lọ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ni a tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan ní ìlànà Lamaze ni òun fi ń kọ́ni, òmíràn ní ti Bradley, ẹ̀kẹta ní òun yóò kọ́ mi bí a ṣe ń fi ọkàn tó rọlẹ̀ bímọ, débi pé mi ò ní ké rárá. Ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ bímọ sí náà ní tirẹ̀, tí wọ́n ń ṣe parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ká má tíì sọ ti àwọn fídíò tí ènìyàn lè rà, kí ó sì máa wò ó lórí ibùsùn rẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú ni pé olúkúlùkù wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ nìkan ni ọ̀nà. Ọkọ mi ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, pé àwọn ìyá wa kò lọ sí kíláàsì kankan kí wọ́n tó bí wa. Èmi ní tèmi, ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì mọ̀ bóyá kíláàsì yóò lé ẹ̀rù náà lọ ni tàbí yóò tún fi kún un. Kí ni ẹ̀yin wò kí ẹ tó yan tiyín? Ìgbà wo ló yẹ kí a bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí ọkọ mi bá mi lọ?

Agbẹ̀bíÀgbà fèsì:

Àbúrò mi, ẹ kú oríire o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi, mo sì ti kọ́ àwọn tọkọtaya ní irú kíláàsì yìí fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn fún yín, nítorí pé àwọn ló ń dààmú ọkàn ènìyàn jù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló kéré jù nínú ohun tó yẹ kí ẹ fi yan kíláàsì.

Dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Grantly Dick-Read, kọ ìwé kan ní ọdún 1933 tó fi ṣàlàyé pé ẹ̀rù a máa mú kí iṣan ara obìnrin tó ń rọbí le, pé líle iṣan náà ló ń fi kún ìrora, tí ìrora yóò sì tún bí ẹ̀rù mìíràn. Ní ọdún 1951, Fernand Lamaze, dókítà ará Faransé, lọ wo bí wọ́n ṣe ń múra aboyún sílẹ̀ ní Soviet Union, ó sì mú ìlànà náà wá sí Paris, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin láti máa mí ní ìwọ̀n-ìwọ̀n nígbàkígbà tí ìrora bá dé. Robert Bradley, ará Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ ọn ní tirẹ̀ pé ọkọ ni kí ó dúró ti aya rẹ̀ nínú yàrá ìbímọ, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lé ọkọ síta. Ti ọkàn tó rọlẹ̀ tí ẹ sọ, ó jọ ohun tí Marie Mongan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989, tí wọ́n ń pè ní HypnoBirthing.

Bí ẹ bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí obìnrin mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí ó má baà bá a jà. Kíláàsì Lamaze òde òní pàápàá kò dá lórí mímí nìkan mọ́; wọ́n ń kọ́ obìnrin láti máa rìn, láti máa yí ìdúró padà, láti má ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń jáde bọ̀, àti láti mú ẹni tó fọkàn tán dání.

Ẹni tó ń kọ́ni ni kí ẹ wò. Ẹ bi í léèrè pé ìgbà wo ló wà nídìí obìnrin tó ń rọbí kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tó dáńtọ́ wà tí wọn kì í ṣe agbẹ̀bí (ẹ máa rántí pé agbẹ̀bí ló ń sọ̀rọ̀), ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wọ yàrá ìbímọ déédéé kì í ṣe ìlérí tí ara obìnrin kò lè mú ṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í nípa abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń pa ìrora. Bí ó bá ní kò sí obìnrin gidi tó ń gbà á, ẹ dìde ńlẹ̀. Bí ó bá sì ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, pé gbogbo ènìyàn ló ń gbà á, ẹ dìde ńlẹ̀ bákan náà. Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tí yóò sọ àǹfààní rẹ̀ àti ìnira rẹ̀, tí yóò wá fi ìpinnu sílẹ̀ fún yín.

Ní ti ẹ̀rù, àìmọ̀ ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnu ilé ọmọ gbọ́dọ̀ ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí ọmọ tó lè jáde, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́wọ́ ẹni tí kò bímọ rí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí pé kí ó máa ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2018 pé ìwọ̀n yẹn yá jù fún àwọn obìnrin kan, àti pé láti sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí a ti máa ka ìrọbí sí èyí tó ti gbóná. Obìnrin tó bá ti gbọ́ èyí ṣáájú kò ní rò pé nǹkan ti bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé sẹ̀ǹtímítà 3 ló ṣì wà láti àárọ̀.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ parí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ 36, nítorí láti ọ̀sẹ̀ 37 ni ọmọ ti lè dé nígbàkígbà. Ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 29 dára. Ti Bradley máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 12, nítorí náà bí òun bá ni ẹ fẹ́, ọ̀sẹ̀ 24 ni kí ẹ ti wọlé, ìyẹn ni pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ báyìí.

BàbáÌbejì fèsì:

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ni èmi náà sọ, àfi ìgbà tí ìyàwó mi dá mi lóhùn pé àwọn ìyá wa kò dá wà nígbà tí wọ́n ń bí wa, pé ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn ló yí wọn ká, tí wọ́n sì ti rí ìbímọ kí ó tó kàn wọ́n. Ta ló wà lọ́dọ̀ wa nínú yàrá méjì tí a ń gbé? Mo dákẹ́, mo sì tẹ̀ lé e lọ.

Ìwúlò rẹ̀ fún mi pọ̀ ju bí mo ti rò lọ. Mo kọ́ ibi tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, mo kọ́ pé ìgbà kan wà tí ó yẹ kí ènìyàn pa ẹnu mọ́, mo sì kọ́ bí a ṣe ń ka àkókò ìrora: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì ni, kì í ṣe láti òpin ọ̀kan. Olùkọ́ wa ní bí ó bá ti ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kí a gbéra. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọkọ o. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni yóò wọlé bá yín, òun ni kí ẹ mú lọ sí kíláàsì.

Agbẹ̀bíÀgbà fèsì:

Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Kíka ìṣẹ́jú wà fún ìrọbí tó ń lọ geerege. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí omi tó yí ọmọ ká bá dà tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ewé, bí orí bá ń fọ́ aboyún gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, tàbí bí ọmọ kò bá mira bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ti aago. Kíláàsì tí kò bá kọ́ yín ní èyí kò tíì kọ́ yín ní nǹkan kan.

Ìyádùnní fèsì:

Ohun kan ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó dùn mí. Kíláàsì tí a lọ, tí n kò ní dárúkọ, dùn mọ́ wa púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi ń kọ́ mímí, ìdúró àti ìfọ̀kànbalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ ju pé kí a má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wa. Ìgbà tí ọmọ mi wá fi ìdí ṣíwájú, tí dókítà sì pinnu pé iṣẹ́ abẹ ló kàn, n kò mọ ohun kan ṣoṣo nípa rẹ̀. N kò mọ̀ pé ojú mi lè là sílẹ̀ láìní ìrora. N kò mọ̀ pé mo lè bèèrè pé kí wọ́n gbé ọmọ lé mi láyà ní kété tí ara àwa méjèèjì bá gbà á, tàbí pé mo ṣì lè fún un lọ́mú. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó ṣíwọ́ ríronú pé èmi ni n kò ṣe é dáadáa.

Nítorí náà, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi àkójọ ẹ̀kọ́ wọn hàn yín, kí ẹ wá iṣẹ́ abẹ nínú rẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ọjọ́ kan ni ìrọbí. Oorun àìsùn àti ọmú tó ń dun ni ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi.

AṣọÒru fèsì:

Òru ni mo ń ṣiṣẹ́, nítorí náà fídíò ni mo wò, ó sì wúlò fún mi. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í dáni lóhùn. Ìbéèrè mi ń pọ̀ sí i ni, nọ́ọ̀sì mi ni mo sì ń kó wọn lọ bá. Bí ẹ bá lè rí èyí tí olùkọ́ ń kọ́ni lójúkojú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ lè dá a dúró kí ẹ bèèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn sàn jù.

ÌyáLọ́la fèsì:

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo pe méjì nínú àwọn kíláàsì náà lánàá. Èkíní ní tí mo bá ti ń ronú nípa iṣẹ́ abẹ, mo ń pè é wá sọ́dọ̀ ara mi nìyẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì, agbẹ̀bí ni, ó ń kọ́ tọkọtaya mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmú fífún ni ìkẹfà. Òun ni a mú, a ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 28. A ó tún lọ sí ti ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan yẹn, kí a lè mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé lóru àti ohun tí wọ́n fàyè gbà. Ọkọ mi ka ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì, ó sì ní òun yóò wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí òun fojú ara òun rí i.

BàbáÌbejì fèsì:

Bí èmi náà ṣe sọ nìyẹn. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan fún un. Yóò nílò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.