Ilẹ̀ tí wọ́n ti yọ́ bátìrì rí: ṣé mo lè kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi síbẹ̀?

Màmá Títí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé wá. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra plọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn Ìbàdàn, lọ́nà Ifẹ̀. Owó rẹ̀ kò ga, ìwé rẹ̀ sì pé. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo fẹ́ kọ́ síwájú, kí n gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sẹ́yìn fún oúnjẹ àwọn ọmọ. Ìgbà tí a gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni a kan ilẹ̀ dúdú tó ń dán bí ìdàrọ́, èèpo bátìrì mọ́tò sì kún inú rẹ̀. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà ló là mí lóye pé àwọn kan ti fọ́ bátìrì níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n ń yọ́ òjé (lead) inú rẹ̀ tà, kí wọ́n tó kó lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò mọ̀ sí i. Bíríkìlà ní kí n da yanrìn tipa mẹ́rin lé e, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá Tipa
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín, màmá. Mẹ́káníìkì ló wà níbi tí ilé mi wà yìí tẹ́lẹ̀, ọmọ mẹ́rin ni mo sì tọ́ níbẹ̀. Yanrìn ló máa parí ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ tipa, ẹ pè mí.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì
Ọ̀gá Tipa, ẹ rọra. Ilẹ̀ mẹ́káníìkì àti ilẹ̀ òjé kì í ṣe ẹgbẹ́. Epo tó dà sílẹ̀, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ a máa jẹ lára rẹ̀ tó bá pẹ́. Òjé kì í jẹrà, kì í rùn, kì í fò lọ. Ibi tó wà lónìí náà ló máa wà nígbà tí ọmọ-ọmọ yín bá ń kọ́lé.

Màmá Títí, ásíìdì bátìrì tí wọ́n ń dà sílẹ̀ tún ń jẹ́ kí òjé yọ́ sínú omi, nítorí náà tí kànga bá wà níbẹ̀, ẹ má mu ún títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má sì ní ẹ ó sè é, nítorí sísè kì í lé òjé lọ. Ti ẹ̀fọ́ ńkọ́? Nítòsí wa níbí, ní Olódó, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti wọn ilẹ̀ ibi tí wọ́n da ìdàrọ́ bátìrì sí, wọ́n sì wọn àwọn ewéko tó hù lórí rẹ̀. Wọ́n bá òjé nínú méjèèjì. Tẹ̀tẹ̀ yín lè tutù yọ̀yọ̀ kó sì gbé òjé sínú.

Ẹ bu ilẹ̀ níbi mẹ́wàá ó kéré tán, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo: lókè pátápátá, àti bí ẹsẹ̀ bàtà kan nísàlẹ̀. Ẹ di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti bù ú sí i lára, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tó ń wọn òjé ní yunifásítì tàbí pólì. Tí èsì bá dé, ẹ fi èyí díwọ̀n: ìlànà ìjọba àpapọ̀ wa fún àwọn ilé iṣẹ́ epo fi 530 mílígíráàmù òjé nínú kílò ilẹ̀ kan ṣe ibi tí a ò ti gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera mọ́. Fún ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, 400 ni Amẹ́ríkà fi ṣe ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí 200 ní 2024. Jẹ́lé-ó-sinmi lẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ o.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́
Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ ti ń mú Títí dání lọ síbẹ̀? Ọmọdé a máa fi ọwọ́ sẹ́nu ṣáá, ara rẹ̀ sì ń gba òjé tó tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu. Zamfara ní 2010 ṣì wà lọ́kàn mi. Wọ́n ń fọ́ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín ilé, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní gìrì, àwọn òbí rò pé ibà ni. Ó ju irinwó ọmọ lọ tó kú. Kí ìwòsàn ọmọ tó lè dúró, wọ́n kọ́kọ́ hú ojú ilẹ̀ agboolé kúrò.

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín wò, àti ti àwọn tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bàtà tí ẹ wọ̀ lọ síbẹ̀, ìta ni kó sùn.

Àbẹ̀kẹ́ Thamesmead
Ẹ ẹ́ rẹ́rìn-ín: orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ Thamesmead mọ bí ọmọ Yorùbá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ilẹ̀ Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn àti àgbá fún àwọn ọmọ ogun ọba, ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ra ilé, lọ́yà mi ò kọ́kọ́ béèrè iye yàrá. Ohun tí ilẹ̀ ti ṣe rí ló lọ wá nínú ìwé. Inú àpótí pákó tí mo da ilẹ̀ tí mo rà sí ni mo ń gbin ẹ̀fọ́ mi. Ní Stratford níhìn-ín, kí wọ́n tó ṣe Òlíńpíìkì 2012, ṣe ni wọ́n ń fọ ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ nínú ẹ̀rọ bí ẹni ń fọ ìrẹsì. Yanrìn lásán ò tó lójú wọn.

Òfin tún wà níbí: ẹni tó ba ilẹ̀ jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú, tí wọn ò bá rí i, ọrùn ẹni tó ni ilẹ̀ báyìí ni yóò bọ́ sí. Ní ti yín, ọrùn yín ló ti bọ́ sí yẹn.

Bàbá Akínyẹlé
A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ náà ń wọ òjé. Ẹ wá ẹni tó tà á fún yín kàn, ọmọ mi. Bó bá ní òun ò mọ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú lọ́yà.

Olóko Ìgboọrà
Mo gbọ́ pé òdòdó sunflower máa ń fa májèlé kúrò nínú ilẹ̀?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì
Ó ń fà, àmọ́ díẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó bá kún fún ìdàrọ́, irú-ọmọ yín ló máa kórè èyí tó kẹ́yìn. Òdòdó tó bá sì ti fà á, níbo lẹ máa kó o sí?

Màmá Títí
(Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta) Èsì ti dé. Iwájú lẹ́bàá ọ̀nà kò tó 200. Ẹ̀yìn, níbi tí mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí, ju 3,000 lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nígbà tí mo kà á. A ti gba ẹ̀jẹ̀ Títí, a ń retí èsì tiẹ̀. Mo ti jáwọ́ nínú jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó tà á ń bẹ̀bẹ̀, lọ́yà sì ti kọ̀wé sí i. Tí kò bá dá owó padà, mo lè fi iwájú kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ku ilẹ̀ dúdú yẹn. Awakọ̀ tipa kan ní òun máa kó o lọ́fẹ̀ẹ́, pé àwọn kan wà tó fẹ́ fi dí àbàtà kí wọ́n lè kọ́lé sórí rẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì
Rárá o! Ilẹ̀ tó bá kúrò lọ́dọ̀ yín lọ́nà yẹn, ọmọ ẹlòmíràn ló máa ṣeré lórí ẹ̀. Ẹ fi tapólì bò ó kí atẹ́gùn má gbé eruku rẹ̀, ẹ wa yàrà yí i ká kí àgbàrá má wọ́ ọ lọ, kí ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀. Tó bá máa dúró síbẹ̀, aṣọ tí omi ń gbà kọjá la máa kọ́kọ́ tẹ́, kó ní àwọ̀ tí yóò kìlọ̀ fún ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́la. Ilẹ̀ tó mọ́ á wá borí rẹ̀, a ó sì da kọnkéré lé e. Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Tipa
Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti kó irú ilẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ rí, tó ní èèpo bátìrì nínú, ó ti tó ọdún márùn-ún. Àgbàlá iléèwé kan ni mo dà á sí, níbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ wọn. Èló ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀rá ilẹ̀ kan níbi àyẹ̀wò yẹn?