Ẹ gbà mí, mọ́námọ́ná mi kò bọ́ awọ tán nínú ọyẹ́ yìí

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òṣogbo mọ bí ọyẹ́ yìí ṣe le tó, ètè ń là, gìgísẹ̀ ń là. Ó di ọjọ́ karùn-ún tí mọ́námọ́ná mi, ejò tí mo ń sìn nínú yàrá, ti ń bọ́ awọ, kò bọ́ tán. Ńṣe ló ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Ojú rẹ̀ òsì funfun bí ojú ẹja sísè.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ta àpótí dígí tí ejò náà ń gbé fún mi. 45,000 náírà ló gbà, ó ní kò sí nǹkan tí mo tún máa rà mọ́. Mo pè é lánàá, kò gbé e. Lándílọ́ọ̀dù ní ṣé awo ni mo fẹ́ máa ṣe nínú ilé òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ mi ò fi ejò yìí ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ọ̀rinrin ṣe lè dúró nínú àpótí yẹn? Mo ń wọ́n omi sí i, kì í pẹ́ gbẹ.

Ìyá Ìbejì:
Ejò, ní yàrá tí èèyàn ń sùn? Nígbà tí à ń gbé Ìkìrun, paramọ́lẹ̀ kan wọ ilé ìdáná wa nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn ìkòkò omi ló ká jọ sí. Títí dòní, mi ò lè ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ìkòkò láì kọ́kọ́ fi igi tọ́ ọ wò. Gbé e padà sínú igbó, ọmọ mi.

Baba Ọlọ́sìn:
Ìyá wa, mọ́námọ́ná kì í ṣe paramọ́lẹ̀, kò ní oró. Ìwọ Ọmọ Òkè-Fìà, gbogbo ohun tí o kọ yìí, o ò sọ èyí tí a fẹ́ gbọ́. Kí lo tẹ́ sínú àpótí? Kí ló ń mú un gbóná? Kí lo fi bo orí rẹ̀? Ṣé o ní ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin? Ìdá 55 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó máa kà, kó tó 70 tó bá fẹ́ bọ́ awọ.

Ọlọ́jà Ìgbín:
Omi ni kó máa dà sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ilẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin. Ohun tí mò ń ṣe fún ìgbín mi nìyẹn, wọn ò sì kú.

Baba Ọlọ́sìn:
Ejò kì í ṣe ìgbín. Bí ilẹ̀ bá rin gbingbin tí atẹ́gùn ò ráàyè wọlé, ìpẹ́ ikùn rẹ̀ á jẹrà. Inú afẹ́fẹ́ la ti ń wá ọ̀rinrin, kì í ṣe ẹrẹ̀.

Ọlọ́jà Ìgbín:
Ta ló dárúkọ ẹrẹ̀? Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń sin ìgbín. Ẹ má fojú kéré wa.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ má bínú. Ìyẹ̀ pákó ni mo tẹ́, wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la igi. Gílóòbù 100 wáàtì ló wà nínú rẹ̀, tọ̀sán-tòru bí iná bá wà. Nẹ́ẹ̀tì onírin ló bo orí rẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gílóòbù ló fà á o. Òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà òjò, tó sì bọ́ awọ lódindi, mo ṣì tọ́jú awọ náà sínú páálí.

Baba Ọlọ́sìn:
Ìgbà òjò lo wí yẹn. Ní báyìí, ìyẹ̀ pákó ń fa omi mu, gílóòbù ń gbẹ ìyókù, ọyẹ́ sì ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì wọlé. Kó ìyẹ̀ pákó yẹn dànù, eruku rẹ̀ ò dáa fún imú rẹ̀. Èèpo àgbọn tí a já wẹ́wẹ́ ni kí o tẹ́. Bo ìdá méjì nínú mẹ́ta nẹ́ẹ̀tì náà, jẹ́ kí ìyókù ṣí. Gbé abọ́ omi tó fẹ̀ sí apá ibi tó gbóná. Apá kan kó jẹ́ dígírì 32, èkejì 26. Wá ra ìṣasùn amọ̀ ní ọjà, fọ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, fi èèpo àgbọn tó rin sí i, kí o dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè máa wọ ibẹ̀. Nínú igbó, ihò eku àti inú ògán ló ń sá sí, ibẹ̀ tutù, ó sì rin.

Awọ tó kù, má fà á. Gbé e sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò ga ju ìdajì ara rẹ̀, ìṣẹ́jú 20, kí o dúró tì í. Má fọwọ́ kan ti ojú. Wo ìrù rẹ̀ dáadáa: awọ tó bá ká a bí òrùka lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ṣóńṣó ìrù náà á kú.

Ará Ìsàlẹ̀:
Ṣebí Igbó Ọ̀ṣun ò jìnnà. Wọn kì í pa ẹran níbẹ̀. Gbé e lọ síbẹ̀.

Baba Ọlọ́sìn:
Rárá o! Ejò tó ń ṣàìsàn, kó lọ kó o ran àwọn tó wà níbẹ̀? Igbó tí UNESCO ti kọ mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005 kì í ṣe ibi tí à ń ju ẹran ọ̀sìn sí.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Mo ti wo ìrù rẹ̀, òrùka wà níbẹ̀ lóòótọ́. Omi ti rọ̀ ọ́, ó ti yọ. Ṣùgbọ́n ó ń yanu, ó ń mí bí ọmọ tí imú rẹ̀ dí. Kì í ṣe kòkòrò ló ń dà á láàmú, torí màmá mi ti fi káńfọ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ejò má bàa jáde. Wọ́n so mẹ́ta mọ́ orí nẹ́ẹ̀tì. Fèrèsé wà ní títì nítorí ọyẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Káńfọ̀, nínú yàrá títì! Kó gbogbo rẹ̀ jáde báyìí. Ṣé ọmọ ọwọ́ wà nínú ilé yẹn? Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba káńfọ̀ rárá, àìtó èròjà G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á. Aṣọ tí wọ́n kó káńfọ̀ sí lásán, tí wọ́n bá fi wé wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n. Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ rí.

Baba Ọlọ́sìn:
Èyí ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ. Gbé ejò náà lọ sí yàrá mìíràn. Yíyanu mí kọjá ìtọ́jú ilé, dókítà ẹran ni kó rí i.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní yàrá kejì, ọmọ oṣù mẹ́ta. Mo ti ṣa káńfọ̀ náà, mẹ́tàdínlógún ni mo kà, mo dì í sínú ọ̀rá, mo sì ti gbé e síta. Fèrèsé ti ṣí. Màmá ń bínú, wọ́n ní kí ló máa wá lé ejò sẹ́yìn. Dókítà ẹran ní kí n gbé e wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá di ọ̀la, wá sọ fún wa bí ejò náà ṣe jí.